Ìpín Kẹ́hìndé

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: abínú ènìyàn ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Ọrà níbí, kò sì sí ọmọ tí mo kọ́ tí kò mọ̀ pé bí Tíṣà Rẹ̀mílẹ́kún bá ti tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí oníkálukú wábi gbà ni. Ìyá mi ló sọ ìbínú yẹn di oríkì fún mi. Láràárọ̀, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i, á fọwọ́ lé mi léjìká, á ní:

“Àjíkẹ́ mi, ọmọ Òjó, abínú bí iná oko, tó máa ń kú kí oòrùn tó wọ̀.”

Bí ẹ bá rò pé èébú ni, a jẹ́ pé wọn ò kì yín dáadáa rí nìyẹn. Bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ayé lè fi mí ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ọmọ ogún ọdún ni mí, mo máa ń jí láàárọ̀, n ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n ó máa retí ohùn tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mi ò fi gbọ́ ọ. Ìyá mi ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ìgbàgbé sì ti wọlé dè é. Kí n má parọ́, kì í ṣe torí kó lè rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ni mo ṣe ń wá oògùn kiri. Mo fẹ́ kó pè mí ní Àjíkẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ohun tí mo ń wá ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyéwò ni orúkọ tí ìyá mi mú wá láti ọ̀run. Nílùú tiwa, bí o bá pe Táyé lójú títì, ènìyàn mẹ́rin ló máa yíjú, nítorí náà kò sẹ́ni tó ka ìbí rẹ̀ sí nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ òun àti Kẹ́hìndé rẹ̀ ní kékeré máa ń ní àwọn ò rí irú wọn rí. Abà bàbá wọn lójú ọ̀nà Ìgangan ni wọ́n ti dàgbà. Láfún ni iṣẹ́ ìyá wọn. Wọ́n á wa ẹ̀gẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́, bó bá ti rọ̀ tán, wọ́n á gbé e lọ sá sórí àpáta. Ọ̀kan á máa tẹ́ ẹ, èkejì á máa lé ewúrẹ́. Bí ó bá rẹ ẹni tó ń lé ewúrẹ́, wọ́n á pààrọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀, àní ìyá wọn pàápàá.

Àwo kan ni wọ́n fi ń jẹun. Bí ọ̀kan bá lọ sódò, èkejì kì í bu òkèlè àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá fún Táyé ní àádùn lọ́jà, á pín in sí méjì, á so ìdajì mọ́ etí ìró rẹ̀ títí Kẹ́hìndé á fi dé. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun Táyé kàn sáré wá tọ́ ayé wò fún un ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Ìyá mi máa ń sọ fún mi pé ìró òun kì í wà láìsí kókó létí, pé àwọn ọmọkùnrin abà máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ìyá oníkókó.

Kẹ́hìndé lọ sílé ọkọ ní Ìgangan, ìyá mi fẹ́ bàbá mi Òjó ní Igbó-Ọrà. Lọ́dún tí oyún mi wà nínú, ibà mú Kẹ́hìndé, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣe é. Wọn ò sọ fún ìyá mi pé ó kú. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìbejì. Àwọn àgbà agbo ilé jókòó tì í, wọ́n ní, “Kẹ́hìndé lọ sí Èkó.” Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi nígbà náà, kì í ṣe ọmọdé, ó mọ irú Èkó tí wọ́n ń wí. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, lẹ́yìn náà ó ní, “Kó lọ ire, kó bọ̀ ire.” Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ó bí mi, wọ́n sì sọ mí ní Rẹ̀mílẹ́kún.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí ìyá mi bá fẹ́ jẹun, á kọ́kọ́ bu òkèlè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. A kì í bi í pé ti ta ni. Adìẹ ló sábà máa ń jẹ ẹ́.

Ọpọlọ obìnrin yìí! Ó ta láfún títí ó fi lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Ó mọ ẹni tó fẹ́ràn láfún kúnná, ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò jẹ ẹ́. Gbogbo ọmọ agbo ilé wa ló mọ oríkì wọn. Bí ó bá kírun àárọ̀ tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wá kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dọ̀bálẹ̀, kò sì ní ṣi ẹyọ kan pè. Ọmọ tí wọn ò bá kì kì í fẹ́ lọ sílé-ìwé. Mo rántí òórùn ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ wọ̀nyẹn, mo rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń tutù lórúnkún mi. Ọjọ́ dáadáa ni, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ dáadáa ni nígbà náà.

Nígbà tí ọkọ mi jáde láyé tí àwọn ọmọ mi sì ti ní ilé tiwọn, mo fẹ̀yìn tì, mo kó ẹrù mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan ti ń yí. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń kírun Àsárì, ó kí rákà márùn-ún, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹfà. Ó ní ẹsẹ̀ ń ta òun bí ẹni tó tẹ ewé èsìsì, kò sì fẹ́ dìde mọ́. Àwọn ọmọ agbo ilé ń wá kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ń sọ fún wọn pé, “Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun,” bí ẹni ń kí àlejò. Díẹ̀díẹ̀ wọn ò wá mọ́.

Ẹ̀yìn náà ló wá kàn mí. “Kẹ́hìndé, gbé omi wá.” Mo kọ́kọ́ fi ṣẹ̀rín. “Kẹ́hìndé, ìgbà wo lo dé?” Mo ní, “Màmá, Rẹ̀mí ni.” Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti pè mí ní Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀keje ni iná oko ràn. Mo lọgun:

“Màmá! Kẹ́hìndé ti kú! Ó ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Èmi nìyí, Rẹ̀mílẹ́kún!”

Háà! Ẹnu mi yìí. Ó wò mí. Ó ní, “Nígbà wo? Wọ́n ní Èkó ló lọ.” Ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún, igbe tó ké lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti arúgbó, igbe ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Gbogbo agbo ilé sá jáde. Bàbá Adélékè, tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa, kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, “Rẹ̀mílẹ́kún, gbogbo ìwé tí o kà yìí, kò sọ fún ọ pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìbejì?” Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Erúwà lọ bá Zachariah. Ẹ lè máà mọ̀ ọ́n, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ garéèjì, ó ń ta oríṣiríṣi ìgò fítámì, ó sì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tó ń kígbe lójoojúmọ́ pé arúgbó á ronú bí ọmọ ogún ọdún. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ.

“Ìyá Tíṣà,” ó ní, “bátìrì ni ọpọlọ. Bí bátìrì bá kú, ṣé ẹ máa sọ rédíò nù ni? Ẹ máa chájì ẹ̀ ni! Oṣù méjì péré, màmá á máa ka gbogbo yín lórúkọ.”

Mo ra ìgò mẹ́ta. Mo fi tìfẹ́tìfẹ́ fún ìyá mi lóògùn yẹn fún oṣù méjì gbáko. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀, tó pọ́n yòò bí omi ọsàn. Orúkọ mi ò padà. Ìbínú tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù Zachariah lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá fi se ẹ̀wà, á jiná. Mo gbé ìgò náà kalẹ̀ lórí káúńtà rẹ̀, mo ní, “Bátìrì ọpọlọ rẹ ni kí o lọ chájì!”

Ó pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà. Ó jókòó. Ó ní, “Ìyá Tíṣà, ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni mò ń kà fún àwọn ènìyàn. Ìyá tèmi náà lò ó. Èmi ni mò ń fún un, láàárọ̀, lálẹ́.” Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. “Ó kú láìmọ orúkọ mi. Mi ò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, mo ṣáà ń fún un ní fítámì. Ẹ gbé màmá yín lọ sọ́sípítù, ẹ̀yin ṣì ní àǹfààní.”

Iná mi kú lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó pẹ̀lẹ́, mo sì fi ìgò náà sílẹ̀ fún un.

Dókítà tí a bá lọ́sípítù, Tómilọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ kékeré tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó fi nǹkan kàn án ní ọmọ ìka, ó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi.

“Mà, kí ni màmá ń jẹ?”

“Àmàlà láfún àti ilásà,” mo ní. “Ẹ̀kọ láàárọ̀.”

“Ẹran ńkọ́? Ẹja? Ẹyin?”

Mo ronú. Láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti yọ tán, ó ti tó ọdún márùn-ún, ẹran ò dé ẹnu rẹ̀. Ẹja ń rùn sí i. Ẹyin, ó ní ti ọmọdé ni. Dókítà mi orí, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó ní fítámì kan tí wọ́n ń pè ní B12 ló ti gbẹ lára rẹ̀, pé inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà, pé ẹni tí kò bá ní in tó, ẹsẹ̀ lè máa ta á, àárẹ̀ lè mú un, ìgbàgbé náà sì lè tẹ̀ lé e.

Inú mi dùn débi pé mo dìde. “Ṣé bó bá ti lò ó, á mọ orúkọ mi?”

“Ẹ jókòó, mà. Mi ò ní tàn yín.” Ó rọra ń sọ ọ́. “Ẹni tí fítámì yìí bá wọ́n lára rẹ̀, bó bá rí i, ara á mókun, orí náà lè là díẹ̀. Ẹni tó bá ti ní in tó, bó gbé ìgò kan mì, kò sí ohun tó máa fi kún ọpọlọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé kan wà tó jẹ́ àìsàn gidi, tó máa ń jẹ ọpọlọ àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn, kò sí fítámì tó lè lé e lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé méjèèjì ló wà lára màmá. Èyí tí a lè tún ṣe, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Ó fún wa ní oògùn, kékeré, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Méjì lójúmọ́, kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní kí n máa lọ ẹja sínú ilásà kó má mọ̀.

Ẹ ò rí bí mo ṣe di ọmọ odò lọ́dọ̀ oògùn yẹn! Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, n ó kó méjì lé ìyá mi ní àtẹ́lẹwọ́, n ó gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó wá lọ gbé ẹ̀kọ ní kíṣìnnì. Bí mo bá padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo, omi ti dín. Inú mi á dùn. N ó kúnlẹ̀, n ó máa wojú rẹ̀. “Kẹ́hìndé, o ti jí?” ni n ó gbọ́. Mo ń gbé e mì. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikú Kẹ́hìndé kò ní jáde lẹ́nu mi mọ́.

Oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà wo ìwé náà, ó tún un wò.

“Ó gòkè, ṣùgbọ́n kò gòkè bó ṣe yẹ. Mà, ṣé màmá ń lò ó pé?”

Ẹ gbà mí! Èmi, tí mò ń jí torí oògùn! Mo ní, “Dókítà, ṣé ẹ ń pè mí ní òpùrọ́ ni? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún un!” Àwọn tó jókòó níta ń yọjú. Dókítà ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìyá mi gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, a lọ sílé.

Ọdún Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí oòrùn ti mú, mo ní kí n kó aṣọ inú àpótí ìyá mi síta kó gba afẹ́fẹ́. Àpótí yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan tó ohun tó ń pa ènìyàn lẹ́kún: kánfọ̀ àti ọṣẹ dúdú, òórùn ìgbà tí bàbá mi wà láyé. Mò ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ mi kan àdìrẹ kan tó ti gbó, tó ti ń ya. Mo fà á jáde, mo rí i pé etí rẹ̀ kún fún kókó. Kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, wọ́n so wọ́n pinpin. Mo tú ọ̀kan. Oògùn pupa mẹ́rin bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo tú òmíràn. Mo tú u títí, ilẹ̀ níwájú mi pọ́n.

Mo ká a mọ́ra, mo gbé e lọ bá a níbi tó jókòó sí lábẹ́ máńgòrò.

“Màmá! Kí lèyí?”

Ó wo aṣọ náà, ó wò mí. Kò sí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rárá, ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé mo ṣe é láṣìṣe.

“Ta ló ní kí o tú u? Ìpín Kẹ́hìndé ni.”

“Màmá…”

“Ẹyọ méjì ni wọ́n ń fún mi. Mo jẹ ọ̀kan, mo so ọ̀kan. Kò tíì dé ni.” Ó na ọwọ́ kó gba aṣọ náà. “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìgbà wo ni mo dá nǹkan jẹ rí?”

Kẹ́hìndé ti kú. Ó dé orí ahọ́n mi, Ọlọ́run ló mọ̀, ó dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn kókó náà padà, torí pé mo wá rántí òkèlè ẹ̀gbẹ́ àwo. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wò ó. Èmi tí mò ń wá oògùn ìrántí láti Erúwà dé ọ́sípítù, èmi gan-an ni mo gbàgbé. Òun ò gbàgbé.

Mo pe dókítà lórí fóònù, mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kí n tó sọ ohun tí mo rí. Ó wá ní, “Mà, ẹ ra ti Kẹ́hìndé náà.”

“Ta ló máa lò ó?”

“Ẹ̀yin ni. Kò ní pa yín lára. Bó bá rí i pé Kẹ́hìndé ti lo tirẹ̀, òun náà á lo tirẹ̀ pé.”

Ọmọ yìí, kò mọ ohun tó ní kí n ṣe. Bí mo bá dáhùn sí Kẹ́hìndé, mo ti fọwọ́ ara mi sin Àjíkẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún un láràárọ̀ pé, “Rẹ̀mí ni, Màmá, Rẹ̀mí ni,” bí ẹni tó ń dáná tí igi rẹ̀ tutù, tí kò sì fẹ́ kí ó kú. Mo wọ yàrá mi, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọdé. Mo bínú sí i. Mo bínú sí Kẹ́hìndé tí mi ò rí rí, tó lọ sí Èkó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí tí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo lọ ra oògùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí ìjókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Orúnkún mi ń yún mi.

“Kẹ́hìndé, o dé?”

“Mo dé.”

“Èkó jìnnà o.”

“Ó jìnnà,” mo ní.

Mo na ọwọ́ mi, mo fi méjì tèmi hàn án. Ó wò ó dáadáa. Ó wo méjì tirẹ̀. Ó ní, “Ó dọ́gba.” Ó gbé méjèèjì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó mu omi, ó sì gbé ife náà fún mi kí n mu èyí tó kù. Kò so kókó kankan lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè, dókítà fi ìwé náà hàn mí, inú òun náà dùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ta á bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn dé iwájú ilé Bàbá Adélékè, ó ń padà. Ó ń kí rákà mẹ́rin, ó ń dúró síbi mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní iyọ̀ ò tó, òótọ́ ni, kò tó. Bí ẹ bá bi mí bóyá fítámì ń ṣe ọpọlọ lóore, n ó ní ó ṣe ìyá mi lóore níbi tó ti ṣaláìní in. Ṣùgbọ́n orúkọ mi kò padà. Mo ti ń kọ́ ara mi láti má retí rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ wá láti ẹ̀yìn ilé, gẹ́lẹ́ bíi ti àtijọ́. A ti lo oògùn wa. Mo fẹ́ dìde lọ gbé ẹ̀kọ, ìyá mi sì di ọwọ́ mi mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ọmọbìnrin tó fẹ́ sọ àṣírí.

“Kẹ́hìndé, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan.”

“Mò ń gbọ́.”

“O ti rí Àjíkẹ́ ọmọ mi?”

Mo padà jókòó.

“O ò bá a láyé kí o tó lọ,” ó ní. “Oṣù kẹta tí o lọ ni mo bí i. Òun ló rẹ̀ mí lẹ́kún. Àjíkẹ́ mi, ọmọ Òjó, abínú bí iná oko, tó máa ń kú kí oòrùn tó wọ̀. Òun ló ń tọ́jú mi o. Ó máa ń pariwo, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ tútù rí.” Ó tún fa ọwọ́ mi mọ́ra. “Mo máa ń gbàgbé nǹkan nísinsìnyí. Má sọ fún un, ó máa ń dùn ún. Bí o bá rí i, bá mi kí i. Pè é ní Àjíkẹ́, kó mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o kí i.”

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ilẹ̀ tutù bíi ti ìgbà yẹn. Ó fọwọ́ lé mi léjìká.

“Mo rí i láàárọ̀ yìí,” mo ní. “Mo ti bá ọ kí i.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun gbọ́.”